Ẹ̀rọ UPS Ní Ilé Ìwòsàn
Ní ọdún 2023, Nàìjíríà gé iná tí ó ń fi ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè Niger. Àìsí iná sì di lemọ́lemọ́ ní Niamey. UPS a máa fi bátìrì dípò iná tí ó lọ, ṣùgbọ́n oríṣi mẹ́ta ni ó wà. Èkíní ń dúró kí iná lọ kí ó tó ṣiṣẹ́. Ó tó fún kọ̀ǹpútà. Èkejì tún ń ṣàtúnṣe iná tí ó rẹlẹ̀, láìlo bátìrì. Ẹ̀kẹta, online, kì í jẹ́ kí iná já rárá. Òun ni ó yẹ ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ní Harobanda, ooru oṣù Kẹrin a máa kọjá 40°C, èyí tí ń tètè ba bátìrì jẹ́: ẹ gbé e sí ibi tútù. Bí aláìsàn bá ń lo ẹ̀rọ ọ́síjìn, ẹ gbé sílíńdà tí ó kún sí ìtòsí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni UPS kékeré lè fi gbé e.