Gàrí Tí A Sá sí Etí Títì

Ìbéèrè: Ìyá mi máa ń sá gàrí sí etí títì tí wọ́n bá yan án tán. Ṣé lóòótọ́ ni pé ó lè fa ibà Lassa? – Ọmọ Ọ̀wọ̀

Ìdáhùn: Ó lè fà á, bí eku tó ní àìsàn náà bá débẹ̀. Iná abẹ́ agbada máa ń pa kòkòrò àìsàn náà, àmọ́ ìtọ̀ eku tó kán sínú gàrí lẹ́yìn tó kúrò lórí iná ńkọ́? Ẹni tó fi omi tútù mu ún gbé e mì nìyẹn. (Àwa olùfẹ́ gàrí mímu lọ̀rọ̀ ń bá wí!) Láti 1969 ni wọ́n ti mọ àìsàn yìí ní Lassa, ní Borno, Oǹdó yín sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ti ń jà jù lónìí. Ẹ bá màmá ra ike onídèérí, kí wọ́n sì máa tẹ́ gàrí sínú ilé.