Ọmọ Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Kò Kéré fún Abẹ́rẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń pọn ìkókó ní Wásinmi níbí, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu yín tí kì í tẹ́ mi lọ́rùn: "Ẹ jẹ́ kí ó lẹ́ran lára díẹ̀ ná, ó ti kéré jù fún abẹ́rẹ́." Àánú ló ń mú yín sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí kíkéré yẹn gan-an ni wọ́n ṣe ní kí ẹ gbé e wá.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí ń fa òtútù àyà. Àwọn náà ló ń fa yínrùnyínrùn, tí ọrùn ọmọ á gan, tí ara á gbóná, tí a ó máa pè é ní giri, tí a ó máa wá àgbo kiri. Kòkòrò wọ̀nyí ní ẹ̀wù tí wọ́n fi ń bora, oríṣi ṣúgà kan ni ẹ̀wù náà. Ara àgbàlagbà á rí i, á sì dìde sí i. Ara ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kì í fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Abẹ́rẹ́ àtijọ́ tí wọ́n fi ẹ̀wù yẹn nìkan ṣe kò wúlò tó fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n wá dá ọgbọ́n kan. Wọ́n gé lára ẹ̀wù náà, wọ́n so ó mọ́ èròjà mìíràn tí ara ọmọ máa ń tètè dá mọ̀, irú èyí tó wá láti ara kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì lẹ́yìn tí wọ́n ti pa oró rẹ̀. Ẹ fi wé ọmọdékùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú. Kò mọ agbádá olè tuntun, ṣùgbọ́n ó mọ ojú olè àtijọ́ kan dáadáa. Ẹ gbé agbádá yẹn wọ olè àtijọ́ náà, kí ọmọ ọdẹ mú un. Lóru ọjọ́ tí agbádá yẹn bá tún yọ ní kọ̀rọ̀, kò ní béèrè ẹni tó wọ̀ ọ́ kí ó tó fọn fèrè.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́nsì méjì, Oswald Avery àti Walther Goebel, ti fi hàn ní New York ní 1929 pé ìsopọ̀ yìí ṣeé ṣe. Síbẹ̀ ó di 1987 kí Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí àkọ́kọ́ irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, èyí tó wà fún Hib, ọ̀kan lára àwọn kòkòrò tí mo sọ yẹn, ó sì di 1990 kí wọ́n tó gbà á láàyè fún ọmọ oṣù méjì. Àwa ńkọ́? 2012 ló bẹ̀rẹ̀ sí í dé Nàìjíríà, nínú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní pẹ́ńtà, tó ń dènà àrùn márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. PCV tí ń dènà òtútù àyà tẹ̀lé e ní Oṣù Kejìlá 2014, díẹ̀díẹ̀, láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn. Ẹ ṣírò ti Hib, láti 1990 sí 2012: ọdún méjìlélógún lọmọ tiwa fi dúró de ohun tí ọmọ Amẹ́ríkà ti ń gbà. Kí ó wá dé lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ ní ó di oṣù tó ń bọ̀! Inú máa ń bí mi.

Àwọn bàbá ìkókó máa ń ní kí n rántí Kano. Mo rántí. Ní 1996, nígbà tí yínrùnyínrùn ń pa ọmọ níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ oògùn Pfizer dán oògùn Trovan wò, nínú ìdánwò tó kan ọmọ bí 200. Ẹjọ́ rẹ̀ fà gùn, ó di 2009 kí wọ́n tó gbà láti san 75 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹni tó bá fura lẹ́yìn ìyẹn kò ṣi nǹkan ṣe. Ṣùgbọ́n oògùn fún ẹni tí àrùn ti mú nìyẹn, kì í ṣe àjẹsára. Ní 2024, Nàìjíríà ló kọ́kọ́ lo Men5CV ní gbogbo ayé, abẹ́rẹ́ tó ń dènà oríṣi yínrùnyínrùn márùn-ún, àwọn ará Bauchi, Gombe, Jigawa àti Yobe ló sì kọ́kọ́ na apá sílẹ̀. Òkè Ọya kan náà ni. Wọ́n mọ ojú àrùn yẹn ju àwa lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá. Pẹ́ńtà ní itan kan, PCV ní itan kejì. Ọmọ á ké, ara rẹ̀ lè gbóná díẹ̀ lálẹ́. Ẹ̀kẹta yẹn lẹ máa ń sọ nù. Kòkó á pọ́n, gbogbo ilé á kó lọ sí abà, káàdì abẹ́rẹ́ á wà nílé lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ dì í mọ́ aṣọ ọmọ. Bí ibi tí ẹ wà bá súnmọ́ Ìkirè tàbí Àpòmù ju ilé lọ, ilé ìwòsàn ìjọba ibẹ̀ ni kí ẹ yà sí.

Abẹ́rẹ́ kò dí gbogbo ọ̀nà o. Ọmọ tó bá ń mí gúlegúle, tí ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, kì í ṣe ti àgbo, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀.

Bí ọjọ́ bá sì ti kọjá lórí yín, ẹ má tìtorí ìtìjú jókòó sílé. Wọn kì í tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ibi tí ẹ bá a dé ni wọ́n á ti máa bá a lọ. Nọ́ọ̀sì lè sọ̀rọ̀ sí yín. Ẹ ní "ẹ má bínú, mà," kí ẹ na káàdì sí i.