Ọ̀pọ̀lọ́, Kọ̀ǹkọ̀ àti Akèré Inú Àbàtà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti Arepo, Mowe àti Ibafo,

Ní ìgbà òjò, bí ilẹ̀ bá ti ṣú ní àbàtà ẹ̀bá Odò Ògùn, ariwo tí ẹ ń gbọ́ kì í ṣe ti ẹranko kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá ń pe gbogbo wọn ní ọ̀pọ̀lọ́ lè pa èyí tí ń bá a ṣọ́ oko, ó sì lè se èyí tí ó ní oró jẹ.

Ọ̀pọ̀lọ́ gan-an ni èyí tí ara rẹ̀ gbẹ tí ó sì rí ṣákiṣàki, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, tí kì í fò jìnnà. Ẹ wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀ méjèèjì, ẹ ó rí ibi tí ó wú. Níbẹ̀ ni oró rẹ̀ wà, ó funfun bí wàrà. Ajá tí ó bá gé e jẹ, ẹnu rẹ̀ yóò máa hó. Ẹ má ṣe jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ni pé kókó ara rẹ̀ a máa ran ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án. Ikán, èèrà àti kòkòrò mìíràn ni ó ń jẹ ní òru, kò sì gba owó lọ́wọ́ yín.

Kọ̀ǹkọ̀ tóbi, ara rẹ̀ ń yọ̀, ojú rẹ̀ wà lókè orí, awọ sì so ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ bí ti pẹ́pẹ́yẹ. Bí ẹ bá dẹ́rù bà á, a máa fò lójú omi láìrì. Akèré kéré sí i, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, ìlà tò sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti orí dé ìdí. Òun ni ọ̀gá nínú fífò. Àwọn kéékèèké kan tún wà tí orí ìka wọn rí róbótó, tí wọ́n fi ń lẹ̀ mọ́ ewé.

Kọ̀ǹkọ̀ ni àwọn ènìyàn ń pa jẹ jù. A kò ní kí ẹ má jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń kó o ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, abo tí ẹyin kún inú rẹ̀ ni ó ń kó. Ẹ jẹ́ kí ó yé ẹyin ná. Orílẹ̀-èdè Íńdíà ta ẹsẹ̀ irú ẹranko yìí sí òkè òkun títí ìjọba fi fi òfin dè é ní 1987.

Awọ ara ni wọ́n fi ń mu omi, wọ́n sì tún ń fi í mí. Nítorí náà, ohunkóhun tí ó bá wọ inú omi ti wọ inú ara wọn. Ẹ má ṣe fọ ẹ̀rọ ìfọ́noògùn sí odò. NAFDAC ti fòfin de oògùn apakoríko tí à ń pè ní atrazine láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. Bí ó bá ṣẹ́kù nílé yín, ẹ má lò ó mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni epo bẹntiróòlù tí ń dà sí àbàtà nígbà tí olè bá bẹ́ paìpù, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Arepo ní 2012 àti 2013.

Èyí tí ó burú jù ni iyanrìn tí a fi ń dí àbàtà láti kọ́lé. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tí a mọ̀ mọ́ òkè Ìdànrè nìkan. 1963 ni a kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀, lẹ́yìn náà a kò gbúròó rẹ̀ fún ohun tí ó ju ogójì ọdún lọ, kí ìròyìn tó jáde ní 2014 pé a tún ti rí i. Àpáta ni ó gbà á là. Àbàtà kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan kòtò omi kan lẹ́bàá oko ìrẹsì, kí a má dí i, kí a sì fi koríko etí rẹ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ẹ má ṣe da ẹja sí i, nítorí ẹja a máa jẹ ọmọ wọn nígbà tí ó ṣì ní ìrù.