Wọn Epo Kí O Tó Dà Á Síkòkò: Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Tó Ń Kọ́ Oúnjẹ Sísè

Ọ̀kun o, ọmọ mi. Bí a ṣe ń kí ara wa nìyẹn láti Kàbà títí dé Ìsánlú, òun náà ló sì di orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo wa. Mo gbọ́ pé o ti gba yàrá tìrẹ ní Lọ́kọ́ja, pé o ra ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ oúnjẹ sísè, pé o fẹ́ máa jẹ ohun tó ń ṣe ara lóore. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìwé kì í dáná fúnra rẹ̀, nítorí náà jókòó kí n sọ èyí tí mo mọ̀.

1. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwé lo fi ń dáná. Wọ́n á ní ìyá rẹ kò kà á nínú ìwé kankan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ti ń fínná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tirẹ̀ láti kékeré, nígbà tí ìwọ ń bẹ nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń bu oúnjẹ fún ọ. Kò sì jẹ́ tuntun láàárín wa. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ni Mars àti Tooleyo ti kọ *The Kudeti Book of Yoruba Cookery*, ní 1957 sì ni ilé iṣẹ́ Longmans tẹ *Miss Williams' Cookery Book* jáde, èyí tí R. Omosunlola Williams kọ. Abéèrè kì í ṣìnà. Ìwé jẹ́ ẹni tí o lè bi léèrè lóru láìjẹ́ pé o jí i lójú oorun.

2. Ka ojú ewé náà tán kí o tó ṣáná. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń kà á bí wọ́n ṣe ń sè é, àárín méjì ni wọ́n ti ń rí i pé ó yẹ kí ẹ̀wà ti wà nínú omi láti àná. Ebi á ti dé nígbà yẹn, wọ́n á pa ìwé dé, wọ́n á lọ ra nuudù.

3. Wọn epo. Bí o bá gbàgbé gbogbo ìyókù, di èyí mú. Oúnjẹ ilẹ̀ wa kò ní àbùkù, ọwọ́ wa ni kò mọ ìwọ̀n. Gbé kọ́ọ̀bù òfìfo kan kalẹ̀, da epo pupa sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí o ṣe máa ń dà á sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ènìyàn mẹ́rin. Má tan ara rẹ jẹ. Lẹ́yìn náà, fi ṣíbí tí o fi ń jẹ ìrẹsì bù ú sínú àwo lọ́kọ̀ọ̀kan, máa kà á. Nígbà tí èmi ṣe é, ṣíbí mẹ́rìndínlógún ni mo kà. Ìwé tó wà níwájú mi ní mẹ́ta tó. Mo dúró, mo ń wo àwo epo yẹn bí ẹni tó rí gbèsè tí kò mọ̀ pé òun jẹ. Ohun tí mo ń jẹ nínú ìkòkò kan yẹ kó se ìkòkò márùn-ún, ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdí tún wà nínú ẹ̀gúsí fúnra rẹ̀: nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ló jẹ́ òróró. Bí o bá fi sùúrù sè é lórí iná jẹ́jẹ́, tí o kò bá ń rò ó lérò-má-sinmi, òróró tirẹ̀ á yọ sókè, wàá rí i tó ń dán lójú ọbẹ̀. Ẹni tó bá tún wá da kọ́ọ̀bù epo kan lé e, ọ̀rá lórí ọ̀rá ló ń sè. Má sì gbé epo pupa kaná títí yóò fi funfun. Nínú ohun tó mú kó pupa yẹn ni ara ti ń rí fítámì A. Bí o bá ti jó o dànù, ọ̀rá lásán ló kù fún ọ, pẹ̀lú èéfín tó ń ta ojú.

4. Iyọ̀ àti màgí, fi ẹ̀rù bù wọ́n. Ní ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo lọ yẹ ara mi wò. Nọ́ọ̀sì de ọ̀já mọ́ mi lápá, ó fẹ́ ẹ, ó wò ó, kò sọ̀rọ̀. Ó tú u, ó ní kí n sinmi, ó tún dè é. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì ló dìde lọ pe dókítà. Kò sí ibi kankan tó ń dùn mí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kágò kó tó wọlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí kékeré kan tí a fi ń po tíì. Iyọ̀ inú búrẹ́dì, ti nuudù àti ti màgí, inú ṣíbí kan yẹn náà ni gbogbo wọn wà. Yí páálí màgí padà, ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀: ohun tó bá pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ ṣáájú, iyọ̀ ló sì sábà máa ń wà níwájú. Nítorí náà, bí màgí bá ti wọ ọbẹ̀, kí iyọ̀ dúró síta. Irú tí wọ́n fọ̀ dáadáa, edé lílọ̀, àlùbọ́sà àti ata yóò ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí o ń bẹ màgí. Dín in kù díẹ̀díẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ahọ́n á gbà, ọbẹ̀ tí o ń jẹ tẹ́lẹ̀ á sì máa korò lẹ́nu rẹ.

5. Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. N kò ní sọ fún ọmọ Owé ti Kàbà pé kó má jẹ iyán. Ṣùgbọ́n wo irú ẹni tó ń jẹ ẹ́. Baba mi jẹ iyán, ó gbé ọkọ́ lọ sóko, ó kọ ebè títí oòrùn fi rẹlẹ̀. Ìwọ jẹ ẹ́ tán, o gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́, o jókòó ti kọ̀ǹpútà títí di ìrọ̀lẹ́. Òkèlè kan náà ni, iṣẹ́ tí a ń fi í ṣe ni kò dọ́gba. Jẹ ẹ́ lọ́sàn-án dípò òru, jẹ́ kó kéré sí ẹ̀fọ́ inú àwo. Èso àti ẹ̀fọ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ènìyàn máa jẹ lóòjọ́, ó kéré tán, jẹ́ gíráàmù 400, iṣu àti ẹ̀gẹ́ kò sì sí nínú ìṣirò yẹn, bó ti wù kí iṣu Kàbà dùn tó.

6. Fọ ẹ̀fọ́ kí o tó gé e, má ṣe gé e tán kí o tó fọ̀ ọ́. Òun ni kó wọ ìkòkò gbẹ̀yìn. Ewúro nìkan ni mo fún ọ láyè láti bó.

7. Má ṣe fi parasítámọ́ọ̀lù se ẹran kó lè tètè rọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é níbi àríyá, mo sì ti dìde lórí àga níbi tí mo ti gbọ́ pé wọ́n ṣe é. NAFDAC ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Oògùn ní ìwọ̀n tirẹ̀, bó bá sì ti pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà. Ẹran tó bá le, gé e wẹ́wẹ́, bò ó, fi sílẹ̀ lórí iná jẹ́jẹ́. Bí o kò bá ní àsìkò, ẹja wà.

8. Bí ìwé bá dárúkọ ohun tí kò sí lọ́jà, má sọ ìwé nù, má sì ná owó oṣù rẹ tán ní ṣọ́ọ̀bù ńlá. Bi ara rẹ léèrè iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe nínú ọbẹ̀. Bó bá jẹ́ ewé ni, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ wà. Bó bá jẹ́ ẹja òkun tí o kò rí rí, ìwọ tó ń gbé létí odò Ọya, kí lo tún ń wá? Bó bá jẹ́ ẹran tí apá rẹ kò ká, lọ ra múdù ẹ̀wà kan, rẹ ẹ́, bó o, fi ṣe mọ́ínmọ́ín nínú ewé. Ó dára ju àkàrà tó ń wẹ̀ nínú òróró lójoojúmọ́ lọ.

9. Ìwọ ọkùnrin, ìwọ náà ni mo ń bá wí. Nígbà tí ìyàwó mi lọ tọ́jú ọmọ tí ọmọbìnrin wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ní Ìlọrin, oṣù mẹ́ta ni mo fi dá nìkan wà pẹ̀lú ìwé ìlànà oúnjẹ tí dókítà fún mi. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí. Bó bá jẹ́ pé mo dúró de ẹni tó máa sè é fún mi ni, ọbẹ̀ àwọn olóúnjẹ ni ǹ bá máa rà, oníyọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀.

10. Fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sí etí ìwé náà: ìwọ̀n epo tó tó fún ìkòkò rẹ, ọjọ́ tí ẹ̀fọ́ rọ̀ jù, ọjọ́ tí ata pọ̀. Ẹni tó kọ ìwé kò mọ sítóòfù rẹ, kò sì mọ ẹnu rẹ. Nígbà tí o bá ń bọ̀ nílé fún Kérésìmesì, mú un dání wá. N kò ní béèrè iye oúnjẹ tí o ti mọ̀ ọ́n sè. Èmi á kàn ṣí i, èmi á sì wá àbàwọ́n epo lára rẹ̀.