Iná Wo Ló Yẹ Ọmọ Ata Tí A Fẹ́ Tà?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọlọ́jà ẹgbẹ́ wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀kọ́ wa tòní wà fún àwa tí a máa ń gbin ata rodo sínú ilé láti oṣù kejì, kí a lè rí ọmọ ata tà fún àwọn tó fẹ́ lọ́ ọ nígbà tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀.

Oòrùn ìlú yìí ní oṣù kejì kò tó ata. Bí ẹ bá gbé e sójú fèrèsé nìkan, yóò ga tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, yóò sì wó. Oníbàárà tó bá rí i kò tiẹ̀ ní ná an. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tan iná fún un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iná olówó ńlá ni ata ń bèèrè, iná tó sún mọ́ ọn ni.

1. Iná lásán ti tó. Fluorescent gbọọrọ ẹsẹ̀ bàtà 4, oníwáàtì 36, irú èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó fún tíréè 3. Ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀: 840 dára, 865 náà dára. Ẹ má torí pé wọ́n kọ "iná ohun ọ̀gbìn" sí òmíràn lára kí ẹ san ìlọ́po owó.

2. Ẹ fi ṣéènì so ó kọ́, kó fi íǹṣì 2 sí 4 péré jìnnà sí orí ewé. Bí ata bá ṣe ń ga, ẹ máa fa iná sókè. Ẹ tàn án fún wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́, kí ẹ pa á lóru. Ẹ má jẹ́ kí omi kàn án o!

3. Ẹ ṣírò owó. Iná méjì, wákàtí 16 lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 8, yóò jẹ bíi yúníìtì 65. Bí yúníìtì kan bá jẹ́ péńsì 25, ó di bíi pọ́ùn 16. Tí tíréè 3 bá gba ata 120, bíi péńsì 14 ti wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a tó ka iyẹ̀pẹ̀ àti ike. Ẹni tí kò bá kà á mọ́ owó ọjà, èrè rẹ̀ ló ń fi tanná.

4. Ẹni tó bá ní fluorescent nílé, kó lò ó. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti dúdú, agbára rẹ̀ ti ń tán. Láti 2024, òfin Ìlú Ọba kò gbà kí wọ́n máa kó irú rẹ̀ tuntun wọ ọjà mọ́, àṣẹ́kù lẹ ó máa rí. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ra tuntun, kó ra LED ẹsẹ̀ bàtà 4, oníwáàtì 18. Ìdajì owó iná ni. Bó bá jẹ́ inú férémù àtijọ́ lẹ fẹ́ fi sí, ẹ jẹ́ kí oníná wò ó ná.

Fluorescent tó bá fọ́, májèlé mákúrì wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má fi ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ fà á, ẹ má sì jù ú sínú ilẹ̀ ilé. Ibi tí káńsù ti ń gba irú rẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ.

Ẹni tó mọ iye tí ọjà ná òun ló mọ iye tó yẹ kó tà á. Ọjà á tà o, a ó jèrè.