Wáyà kéékèèké fún pẹ́dáàlì gìtá

Ìbéèrè: Gìtá ni mò ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìwàrò-Ọ̀kà. Wáyà tí mo fi so pẹ́dáàlì mẹ́rin pọ̀ gba gbogbo pátákó tí mo tò wọ́n sí. Èwo ni kò gba àyè, tí kò sì wọ́n?

Ìdáhùn: Wáyà mẹ́ta péré lẹ nílò. Ẹ wá oní-sẹ̀ǹtímítà 15, tí orí rẹ̀ pẹlẹbẹ. Òrùka dúdú kan ṣoṣo ni kó wà lẹ́nu rẹ̀. Méjì ti di sítẹ́rió. Bó bá wọ́n, ẹ ra ọ̀pá wáyà gìtá kan, kí ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Ìkàrẹ́ fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ orí. Kó má ṣe gé àwọ̀n bàbà inú rẹ̀ dànù: òun ló ń dènà ariwo iná.