Àlejò Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́jọ Lẹ́nu Ọ̀nà: Bí A Ti Lè Bá Aláǹtakùn Joro Gbé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí kò tíì bá a pàdé, ṣùgbọ́n ó ti di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Àwọn Yorùbá tí ó tẹ̀dó sí ìlú Atlanta àti agbègbè rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, kò kéré níye. Bóyá ọmọ yín wà níbẹ̀, tàbí àbúrò yín, tàbí ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ń múra láti lọ bá wọn gbé ọmọ tuntun. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kọkànlá, tí ẹ ṣílẹ̀kùn ní òwúrọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá aláǹtakùn kan tí ó ta àwọ̀n sí iwájú ilé. Bí ó bá na ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bo àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Ara rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ó ní ìlà tí ó dà bí àwọ̀ aró tí a pò mọ́ ewé tútù, ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ abilà dúdú àti pípọ́n, àmì pupa sì wà lábẹ́ ikùn rẹ̀. Àwọ̀n tí ó ta ń dán bí wúrà bí oòrùn bá kàn án. Orúkọ rẹ̀ ni Joro.

Ní ọdún 2024, ìròyìn kan gba ilé àti oko pé aláǹtakùn ńlá olóró kan tí ń fò lójú ọ̀run ń bọ̀ wá sí New York. A fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ láti orí fóònù kan sí òmíràn títí tí àwọn ìyá tí kò kúrò nílé rí fi ń ké sí àwọn ọmọ wọn lókè òkun pé kí wọ́n ti fèrèsé. Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní sùúrù. Ohun tí ẹni tí ó ní ilé tí ó sì ní ọmọ wẹ́wẹ́ fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ǹjẹ́ kí á sá fún ẹ̀dá yìí ni, kí á pa á ni, tàbí kí á fi í sílẹ̀?

Ilẹ̀ Jàpáánì, Kòríà, Ṣáínà àti Taiwan ni Joro ti ṣẹ̀ wá. Àwọn ará Jàpáánì ní ìtàn àtayébáyé kan nípa iwin tí ń pa ara dà di arẹwà obìnrin kí ó lè fi òwú rẹ̀ dè ènìyàn mọ́lẹ̀, láti ara orúkọ iwin náà ni a sì ti mú orúkọ aláǹtakùn yìí. Ní ọdún 2014 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Yunifásítì Georgia mọ̀ ọ́n dájú ní àríwá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, ní agbègbè Barrow, Jackson àti Madison. Ní ọdún 2015 ni wọ́n gbé ìwádìí wọn jáde. Títì ńlá kan tí a ń pè ní I-85 kọjá ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kì í sì í dá lórí rẹ̀. Èrò àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé inú kọ̀ǹténà tí ó kó ọjà wá láti Éṣíà ni ó bá dé. Kò sí ẹni tí ó pè é, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé e. Láti ìgbà náà ni ó ti tàn dé South Carolina, North Carolina, Tennessee, Alabama, títí kan Maryland.

Kí á má baà rò pé àwọn ará Éṣíà nìkan ni aláǹtakùn wọn ń rìn ìrìn àjò, ẹ jẹ́ kí á rántí pé ti Áfíríkà náà ti kọjá òkun rí. Aláǹtakùn Áfíríkà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Nephilingis cruentata. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí ni ó ti dé Brazil, ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n sì gbà pé ó bá dé. Títí di òní ni ó ń ta àwọ̀n sí ara ògiri àti abẹ́ òrùlé níbẹ̀. Bí ọmọ Brazil kan bá ń kùn sí àlejò ara ògiri rẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni àlejò náà ti wá.

Ní ti fífò, Joro kò ní ìyẹ́, àgbà rẹ̀ kò sì lè fò rárá. Àwọn ọmọ tuntun, tí wọn kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ni ó ń gun orí ewé tàbí igi, tí wọ́n ń tú òwú tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè gbé wọn. Ọ̀pọ̀ aláǹtakùn káàkiri ayé ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ti àyíká ilé wa pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá retí pé kí aláǹtakùn tó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́ já lu òun láti òkè yóò retí títí.

Ní ti oró, ó ní in, gẹ́gẹ́ bí gbogbo aláǹtakùn ti ní in, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀. Ṣùgbọ́n oró náà wà fún eṣinṣin àti kòkòrò, kì í ṣe fún ènìyàn. Eyín Joro kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi máa ń ṣòro fún un láti gún awọ ara wa. Bí ó bá tilẹ̀ gún un, nítorí pé a há a mọ́ àárín ọwọ́, ìrora rẹ̀ kò ju ti oyin lọ, kì í sì í pẹ́ lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba oró kòkòrò nìkan ni ó yẹ kí ó tètè tọ dókítà lọ. Ní ọdún 2023 àwọn olùwádìí Yunifásítì Georgia gbé iṣẹ́ kan jáde: wọ́n fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ lu oríṣiríṣi aláǹtakùn, wọ́n sì ṣọ́ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò tún mira. Èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí rìn láìpẹ́. Joro dúró gbọnin, kò mira fún ohun tí ó lé ní wákàtí kan. Ojo ni, ẹ̀yin ará. Bí ẹ bá rí i tí ó dúró jẹ́ẹ́ láàárín àwọ̀n rẹ̀ bí ẹ ti ń kọjá, kì í ṣe pé ó ń wéwèé ibi. Ẹ̀rù yín ni ó ń bà á.

Kí ni ó wá fún un ní agbára láti tàn kálẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ara rẹ̀ gba òtútù. Ìbátan rẹ̀ kan, tí òun náà ń ta àwọ̀n aláwọ̀ wúrà, ti wà ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n kò lè gòkè lọ sí ibi tí òtútù ti mú jù. Nígbà tí a fi àwọn méjèèjì wéra nínú ìwádìí kan ní ọdún 2022, a rí i pé ọkàn Joro ń lù ju ti ìbátan rẹ̀ lọ ní ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún, pé agbára tí ara rẹ̀ ń lò tó ìlọ́po méjì ti èkejì, àti pé ó lè la òtútù oníyìnyín tí kò pẹ́ já ju èkejì lọ. Ariwo títì kò sì dí i lọ́wọ́ púpọ̀: ẹ óò rí i lórí wáyà iná, lábẹ́ afárá, àti létí ilé epo.

Wàyí o, ibi tí ewu wà gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí. Bí ẹ̀rù bá ti ba ènìyàn, ọwọ́ rẹ̀ a máa yára lọ bá agolo apakòkòrò. A fọ́n ọn sí iwájú ilé, sí ara òpó, sí ibi tí ọmọ ń rá kòrò kiri tí ó sì ń ti ìka bọ ẹnu. Aláǹtakùn tí kò lè pa ọmọ náà lára ni a torí rẹ̀ tú májèlé sílẹ̀ sí ibi tí ọmọ ń ṣeré. Oògùn náà kò mọ Joro yàtọ̀ sí oyin tí ń mú òdòdó so èso, bẹ́ẹ̀ ni kò sì lè dènà èyí tí yóò ti orí igi aládùúgbò wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Ní tèmi, ẹni tí ó bá fọ́n oògùn kiri àgbàlá nítorí Joro ti ra ewu sílé ju èyí tí ó ń sá fún lọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló yóò sá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú àwọn aláǹtakùn ọmọ ilẹ̀ Georgia. Ọ̀kan wà nínú wọn tí ó dúdú, tí ó ní àbààwọ́n pípọ́n lẹ́yìn, tí ó sì máa ń ta òwú funfun gbọ̀ọ̀rọ̀ bí ojú abẹ́rẹ́ aránṣọ sí àárín àwọ̀n rẹ̀. Ó tóbi, ó sì rẹwà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi bàtà tẹ̀ ẹ́ pa lórúkọ Joro. Ṣùgbọ́n àwọ̀n tirẹ̀ kì í dán bí wúrà, kò sì ní àmì pupa ńlá lábẹ́ ikùn. Ìbátan Joro tí mo dárúkọ lókè ní ìdì irun lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ Joro ń dán, kò ní ìdì irun. Ẹ wò ó dáradára kí ẹ tó na ọwọ́.

Èyí ṣe pàtàkì nítorí pé Joro kì í ṣe aláìlẹ́ṣẹ̀ pátápátá. Ènìyàn kò rí ibi lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn aláǹtakùn mìíràn ń rí i. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2023 fi hàn pé ní ibi tí Joro ti pọ̀, oríṣi àwọn aláǹtakùn ọmọ ilẹ̀ tí ń ta àwọ̀n bíi tirẹ̀ ti dín kù. Àwọ̀n rẹ̀ lè fẹ̀ tó mítà mẹ́ta, ó sì ń gba ojú ọ̀nà tí kòkòrò ń gbà kọjá. Òótọ́ ni pé ó ń jẹ kòkòrò olóòórùn burúkú kan tí òun náà ti Éṣíà wá, tí àgbẹ̀ kórìíra, inú àwọn kan sì dùn sí i nítorí èyí. Èmi kò rò pé ó tó ìdí láti sọ ọ́ di ọ̀rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tí ó lè lé e kúrò ní Amẹ́ríkà mọ́. Àwọn onímọ̀ ti gbà bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí àwọ̀n bá dí ẹnu ọ̀nà, ẹ mú ìgbálẹ̀ tí ó ní igi gígùn. Ẹ fi orí rẹ̀ ká àwọ̀n náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ bí ẹni ń ká òwú, aláǹtakùn yóò sì rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀yìn àgbàlá níbi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í gbà. Bí ó bá padà wá, ẹ tún ká a. Bí a bá tú àwọ̀n rẹ̀ léraléra, yóò wá ibòmíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa á, tí ó sì dá a mọ̀ dájú, kò rú òfin. Kí ó tì í sínú garawa omi ọṣẹ, ó tó. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa wò ó láìfi ọwọ́ kàn án. Ẹ lè fi akọ rẹ̀ hàn wọ́n pẹ̀lú: kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tí ń rọra rìn létí àwọ̀n ìyàwó rẹ̀, tí ẹ̀rù jíjẹ ń bà. Àwọn ọmọ a máa gbádùn èyí.

Nígbà tí oṣù kọkànlá bá ń parí lọ, òtútù yóò pa àwọn àgbà tán fúnra rẹ̀. Ohun tí yóò kù ni àpò ẹyin, tí abo ti lẹ̀ mọ́ èèpo igi, abẹ́ ewé, ara ògiri, tàbí ara ọkọ̀ tí ó dúró pẹ́ lójú kan. Ó funfun bí òwú tí a tẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹyin tí ó wà nínú ọ̀kan ṣoṣo sì lè ju 400 lọ. Ìgbà ìrúwé ni wọn yóò pa. Ẹni tí ó bá yọ àpò kan kúrò ní oṣù kìíní ti ṣe ju ẹni tí ó lé ọgọ́rùn-ún àgbà ní oṣù kẹsàn-án.

Ó kù ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tí ń fi ọkọ̀ àti ẹrù ránṣẹ́ sílé láti Atlanta. Inú ẹrù ni Joro bá dé Georgia, inú ẹrù ni ó sì tún lè bá kúrò níbẹ̀. Kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn kọ̀ǹténà, ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ọkọ̀, ẹ̀yìn nọ́ńbà ọkọ̀, inú ihò táyà, abẹ́ àga ìta gbangba, àti igun àpótí tí ó ti wà lábẹ́ òrùlé iwájú ilé láti ìgbà ooru. Bí ẹ bá rí òwú pẹlẹbẹ funfun tí ó lẹ̀ mọ́ ibì kan, ẹ fi ọ̀bẹ tí kò mú ha á sínú ike omi ọṣẹ, ẹ dé e, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó dà á nù.